Iná pupa ara ṣájà kì í purọ́: ẹ yé fi wáyà so neutral mọ́ earth

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Okun o, láti ilẹ̀ Owé, Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú.

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn tó ti ra mọ́tò oníná lágbègbè wa tí kò yẹ ká dákẹ́ lé lórí. Wọ́n á fi mọ́tò sí iná lálẹ́, kò ní gbà á, ṣájà á máa ṣẹ́ iná pupa. Wọ́n á ránṣẹ́ pe oníná. Oníná á tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, á gé wáyà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, á fi so ojú neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) mọ́ ojú earth (wáyà ààbò tó wọ inú ilẹ̀). Iná pupa á di àwọ̀ ewé, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná, wọ́n á sanwó, wọ́n á tún fi ọpẹ́ kún un. Wáyà kékeré yẹn ló mú wa kọ̀wé yìí, torí ó lè pa èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan.

Àpótí tí a ń gbé kọ́ ara ògiri, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ṣájà, kì í ṣe òun gan-an ló ń ṣájì báátìrì. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ìyẹn wà nínú mọ́tò fúnra rẹ̀. Aṣọ́nà ni àpótí yẹn. Kó tó jẹ́ kí iná kọjá, ó ń wò ó bóyá earth wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, bóyá iná tó ń bọ̀ kò kéré jù tàbí kó pọ̀ jù, àti bóyá mọ́tò ti dá a lóhùn. Fólítì 12 ló fi ń kan ilẹ̀kùn mọ́tò. Tí ẹ bá ki ẹnu ṣájà bọ ojú ihò ara mọ́tò, 12 á wálẹ̀ sí 9. Nígbà tí mọ́tò bá ní òun ti ṣetán, á di 6. Ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ ìró “ta” nínú àpótí, iná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Tí ìró yẹn ò bá dún, aṣọ́nà rí ohun kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó bá fi wáyà tan aṣọ́nà jẹ kò tíì lé olè lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ikú yẹn ṣe ń wọlé. Orí táyà rọ́bà mẹ́rin ni mọ́tò dúró, kò fara kan ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó so irin ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná ni wáyà earth tó gba inú ṣájà kọjá. Tí neutral àti earth bá ti di ọ̀kan nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, irin ara mọ́tò ti di neutral nìyẹn. Ní ọjọ́ tí neutral bá wà ní pípé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ á fẹ́, ẹ̀ka igi á já lu wáyà, neutral á já lórí òpó. Fíríìjì tàbí gílóòbù tó wà ní títàn nínú ilé á wá gba iná live (ojú tí iná ń bá wọlé) kọjá sí ojú neutral tí kò ní ibi tó ń lọ mọ́, iná náà á sì rìn lọ sí ara mọ́tò. Ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú wíìlì, gbogbo rẹ̀ lè di fólítì 230. Bírékà ò ní já. Ṣájà náà ò ní dá nǹkan kan dúró, torí live àti neutral nìkan ló lè gé. Ọ̀pọ̀ ṣájà kì í gé wáyà earth. Ọmọ tó bá wá fẹ́ fọ mọ́tò láàárọ̀, tó dúró láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tútù, òun ló máa di ọ̀nà tí iná náà ń wá.

Àwọn oníná kan á ní, ṣebí ilé iṣẹ́ iná fúnra wọn ń so neutral mọ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, nídìí tíráńsífọ́mà ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá. Láti ibẹ̀ wá sí ilé yín, wáyà tó ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ lè wà láàárín, pẹ̀lú ìso oríṣiríṣi. Ọ̀pọ̀ ìso ọ̀hún ni wọ́n kàn fi ọwọ́ lọ́, alumíníọ̀mù mọ́ kọ́pà láìsí kílám̀pù, irú ìso bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹra.

Bí a ṣe ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Mítà ọlọ́wọ́ tó ń ka fólítì AC tó, ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló mú un. Láàárín live àti neutral, ó yẹ kó ka bíi 220 sí 240. Láàárín live àti earth, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà. Láàárín neutral àti earth, kó má ju bíi fólítì 5 lọ nígbà tí áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù bá ń ṣiṣẹ́ lórí làìnì yẹn. Tí live sí neutral bá pé 230, àmọ́ tí live sí earth ń ka 60, tó di 110, tó tún yí padà, ojú earth yẹn òfìfo ni, wáyà rẹ̀ ò dé ibì kankan. Tí live sí neutral bá wálẹ̀ sí 190 bí ẹ ṣe tan áyọ́ọ̀nù, tí live sí earth dúró sí 228, tí neutral sí earth fò sókè sí 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, neutral yín ló ń ṣàìsàn, ibi ìso kan ti tú. Ẹ má fi ọwọ́ kékeré mú un: neutral tó bá já pátápátá lórí òpó onífèésì mẹ́ta lè ti iná ilé kan kọjá 300 nígbà tí ti ilé kejì ń kú lọ. Tí gílóòbù apá kan bá mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ti apá kejì ṣú, ẹ pa bírékà ńlá lójú ẹsẹ̀.

Bí neutral sí earth bá wá jẹ́ òdo gédégédé, 0.0, kódà tí áyọ́ọ̀nù ń gbóná lọ́wọ́, ẹ fura. Earth tó bá dá dúró máa ń fi fólítì kan sí mẹ́ta hàn nígbà tí ẹrù bá wà lórí neutral. Òdo pátápátá sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti so wọ́n pọ̀ nítòsí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ oníná kì í kà sí. Mítà ọlọ́wọ́ lásán lè tàn yín jẹ nípa earth, torí iná tó ń fà kò tó nǹkan. Ọ̀pá earth (irin tí a gbá wọ ilẹ̀) tó wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ, tó ní ohm 300 (ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà), ṣì máa ka 228 lójú mítà. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún wíwọn earth ló ń sọ òótọ́. Níbi tí RCD 30 mA bá wà (ohun tó ń já tí iná bá jò lọ sí ilẹ̀, bó tilẹ̀ kéré), kò yẹ kó ju 200 ohm lọ. Oníná tó mọṣẹ́ máa ń wá a dé 10 tàbí kó kéré sí i. Kò sì sí bí ọ̀pá earth ṣe dára tó tó lè rọ́pò RCD: tí live bá kan irin ara mọ́tò, tí ọ̀pá earth jẹ́ 50 ohm, iná tó máa lọ jẹ́ 230 tí a pín sí 50, ìyẹn áḿpù 4.6. Bírékà 20 ò ní mira. RCD á já lójú ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ dá kún ìṣòro yìí. Yángí àti àpáta ló pọ̀ níbi púpọ̀. Ọ̀pá earth mítà 1.2 tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ nígbà òjò lè ṣiṣẹ́ dáadáa títí di oṣù kẹwàá. Tí ọyẹ́ bá dé, tí yángí gbẹ, ṣájà á bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná pupa ní oṣù kejì, wọ́n á ní ṣájà ti bàjẹ́. Ilẹ̀ ló gbẹ. Ẹ gbá ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta, kí àlàfo àárín wọn tó mítà 2.4, ẹ fi wáyà kọ́pà ìhòòhò 16 mm² so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú kílám̀pù idẹ, kí ẹ sì fi wọ́n sí ibi tí omi òrùlé tàbí omi balùwẹ̀ ń gbà. Níbi tí àpáta ò jẹ́ kí ọ̀pá wọlẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ gbẹ́ kòtò tóóró, jíjìn rẹ̀ 60 sẹ̀ńtímítà, gígùn rẹ̀ mítà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ tẹ́ wáyà kọ́pà sínú rẹ̀, kí ẹ fi bẹntonáìtì (amọ̀ tó ń fa omi mọ́ra) pẹ̀lú erùpẹ̀ dúdú bò ó. Iyọ̀ àti èédú tí àwọn baba wa nínú iṣẹ́ ń lò máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ ń jẹ ọ̀pá, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ má ṣe lo páìpù omi tàbí irin géètì ní ipò ọ̀pá earth.

Ká tó kúrò lórí earth: púpọ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà ní ṣájà tí pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀hún, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta, méjì nínú wọn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn ń lọ ra adaptor kékeré lọ́jà láti fi wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Nínú ọ̀pọ̀ adaptor yẹn, ihò earth wà lójú, àmọ́ kò sí irin nínú rẹ̀. Ìdí iná pupa náà nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gé pọ́lọ́ọ̀gì yẹn, torí òmíràn ní ohun tó ń wọn ooru nínú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 áḿpù tó bá a mu ni kí ẹ kàn mọ́ ògiri.

Lẹ́yìn earth, ooru ló kàn. Tẹlifíṣọ̀n tàbí fíríìjì máa ń fa iná díẹ̀, wọ́n sì máa ń sinmi. Mọ́tò á fa áḿpù 10 láìdákẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti gbé tẹlifíṣọ̀n fún ọdún márùn-ún láìsí wàhálà lè yọ́ ní alẹ́ kan. Síkírúù tó tú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó fa fólítì 10 sọnù, ní áḿpù 10, ti sọ wáàtì 100 di ooru nínú ohun tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Bíi pé ẹ ti gílóòbù 100 àtijọ́ bọ inú pọ́lọ́ọ̀gì ni. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pọ́lọ́ọ̀gì náà. Lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ò burú. Tí ẹ ò bá lè dì í mú ká ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ pa á. Àmì àwọ̀ bíi ti oyin tó jóná lára ihò, tàbí òórùn bí ẹja tó ń jó, ìkìlọ̀ ìkẹyìn nìyẹn. Ẹ má fi extension ṣájì mọ́tò láéláé, ẹ má sì jẹ́ kí àpótí ṣájà rọ̀ dirodiro lórí pọ́lọ́ọ̀gì, torí ìwúwo rẹ̀ á máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ kan ìṣó, kí ẹ gbé e kọ́. Ẹ tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ. Okùn tó bá ká jọ máa ń gbóná.

Ohun tó yẹ kí làìnì mọ́tò ní: wáyà kọ́pà 2.5 mm² láti DB (àpótí bírékà ilé) tààrà, láìsí ìso láàárín, láìsí ẹ̀rọ omi tàbí fíríìjì lórí rẹ̀, bírékà 20, RCD 30 mA oríṣi A, sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 tó le, kí ẹ sì ṣètò ṣájà sí áḿpù 10. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ò ṣe é fi áḿpù 16 lù. Fún ṣájà ògiri tó ń gbé kìlówáàtì 7, wáyà 6 mm² àti bírékà 40. Tí ọ̀nà bá ju mítà 30 lọ, 10 mm². Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà kí ẹ tó sanwó: tí inú bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, á gbóná, á sì gé.

Lóò kọ́rẹ́ńtì: gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, iná lè wálẹ̀ sí 170. Ṣájà á tàn, iná á túbọ̀ wálẹ̀, á pa ara rẹ̀, iná á gòkè, á tún tàn. Ẹ máa gbọ́ “ta, ta” bẹ́ẹ̀ láti alẹ́ di ọ̀gànjọ́, ìyẹn sì ń jẹ irin tó ń tan iná nínú àpótí. Ẹ wọ̀n ọ́n nídìí mítà NEPA àti nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mọ́tò ń gba iná lọ́wọ́. Tí ìdí mítà bá jẹ́ 215, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ 190, fólítì 25 ti sọnù nínú ilé yín, wáyà yín ni kí ẹ tún ṣe. Tí méjèèjì bá wálẹ̀ pa pọ̀, ìta ni. Ẹ dín ṣájà kù sí áḿpù 6 tàbí 8, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá òru. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ fólítì, tó ń wọ inú DB, wúlò gan-an: ẹ ṣètò ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí 185, òkè sí 255, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 180 tí iná bá dé kó tó tan ṣájà. Ẹni tó bá fẹ́ lo stabilizer kó mọ̀ pé kì í dá iná: kó tó fún mọ́tò ní 230 lórí áḿpù 10 nígbà tí NEPA ń fún un ní 170, á fa ju áḿpù 13.5 lọ lẹ́yìn. Wáyà tó ń bọ́ ọ gbọ́dọ̀ lè gbé e.

Ọ̀pọ̀ ń ṣàròyé pé ó ń pẹ́ jù. Àìsàn kọ́ nìyẹn. Báátìrì kìlówáàtì-wákàtí 60, láti ìdá 20 sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, gba 36. Ohun tí mítà máa kà sún mọ́ yúnìtì 41, torí díẹ̀ ń di ooru lọ́nà. Ní áḿpù 10 lórí 230, bíi wákàtí 18 nìyẹn. Tí iná ò bá dúró tó bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ máa fi sí i lójoojúmọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá ṣófo.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-pass-my-neighbour kò lè ṣe é. Áḿpù 6 ni ìwọ̀n tó kéré jù tí mọ́tò lè gbà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 1,400 láìdákẹ́. Ẹ wá 2.5 kVA ó kéré tán. Lórí jẹnẹrétọ̀, iná pupa sábà máa ń wá nítorí neutral rẹ̀ kò so mọ́ ibì kankan. Yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ iná nídìí tíráńsífọ́mà, ibí yìí ni síso neutral mọ́ earth ti tọ̀nà, nídìí jẹnẹrétọ̀ gan-an, pẹ̀lú ọ̀pá earth, tí changeover bá sì jẹ́ èyí tó ń gé live àti neutral pa pọ̀ kí ìso yẹn má bàa bá neutral NEPA pàdé. Inverter tí iná rẹ̀ kò jẹ́ pure sine wave, ẹ má fi dán mọ́tò wò.

Tí RCD bá ń já, ẹ yọ ẹnu ṣájà kúrò lára mọ́tò, ẹ tan án. Tó bá ṣì ń já, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣájà tàbí okùn rẹ̀. Tó bá dúró, omi tàbí eruku wà lójú ihò ara mọ́tò, tàbí ẹ̀rọ inú mọ́tò ló ń jò. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ àti fáànù tó. Ẹ má fi kẹrosíìnì, epo tàbí gíríìsì sí i. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì T lára RCD lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ sì kọ́kọ́ wo àwọn tí kò gba kọ́bọ̀. Ṣé wọn ò ti ṣètò àkókò ṣájì sínú mọ́tò, kó máa dúró de aago kan? Ṣé ìwọ̀n ìdá 80 tí ẹ fi sí i kò ti pé? Ṣé ẹnu ṣájà wọlé tán, tó dún “kọ́”? Báátìrì kékeré fólítì 12 ńkọ́? Tó bá ti wálẹ̀ dé bíi 11, mọ́tò lè má jí rárá láti dá ṣájà lóhùn.

A bẹ ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa pé kí wọ́n fi kílám̀pù tó yẹ sí ìso neutral lórí òpó kí òjò tó dé. A sì bẹ àwọn tó ń ta mọ́tò wọ̀nyí pé kí wọ́n rán oníná lọ wọn earth ilé oníbàárà kí mọ́tò tó dé ibẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Ẹni tí wáyà kékeré yẹn bá ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ báyìí, kó yọ ṣájà, kó pa bírékà ńlá, kó pe oníná kó wá tú u kúrò lónìí. Iná pupa á padà wá. Kó máa ṣájì níbòmíràn tí earth ti dára, títí tí ọ̀pá tirẹ̀ á fi wọlẹ̀ tí wọ́n á sì wọ̀n ọ́n.

Àwa ni,
Oníná mẹ́ta tó ń ṣe làìnì mọ́tò oníná, Kábà